Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi dùbúlẹ̀, ìwé ìkórè ló kọ́kọ́ wá kí mi

Àṣàkẹ́_Alárán · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo tún pa á rẹ́. Lónìí, n ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú ní Sángo, n'Ìbàdàn, nígbà tí mò ń ti ọjà bọ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ mi òsì kán. Wọ́n fi POP dì í, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó wá di mẹ́sàn-án. Ọkọ mi ti lọ sọ́run, àbígbẹ̀yìn mi wà nílé ẹ̀kọ́ l'Ákúrẹ́. Ọdún kẹrìnlá mi rèé nínú ìjọ tí mò ń lọ. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin. Kò sí ìsìnkú tí ẹgbẹ́ wa lọ tí mi ò wọ aṣọ bá wọn lọ, títí dé Kàbà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sẹ́ni tó wá. Ìkejì, ìkẹta, bákan náà. Ẹni tó ń bá mi pọn omi, tó ń ro ẹ̀kọ fún mi mu, tó ń dì mí mú lọ sí ilé ìwẹ̀, Ìyá Wàsíù ni, Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé ojúlé kan náà. Á kírun tán, á ká ẹní, á wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo gbọ́ tí bébà há lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìwé ìkórè ni. Orúkọ mi wà lórí rẹ̀ rekete, wọn ò tiẹ̀ ṣì í kọ: ₦25,000, aṣọ ẹgbẹ́ lọ́tọ̀.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló wá kẹ́yìn ẹ̀rín náà.

Mo pe akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó ní, "Ha, Mọ́mì, àwa rò pé ẹ lọ kí àwọn ọmọ ni o."

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: tí ẹsẹ̀ yìí bá san, ṣé kí n padà síbẹ̀, àbí kí n wábi gbà? Ẹ má fi Bíbélì nà mí o, mo mọ̀ ọ́n.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · 8:52 alẹ́

Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má padà. Ẹ fi ìwé ìkórè yẹn tan iná sítóòfù. Ibi tí wọ́n bá ti mọ ilé ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ owó, tí wọn ò mọ̀ ọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ àìsàn, ẹgbẹ́ àjọ ni, kì í ṣe ìjọ. Ẹgbẹ́ àjọ gan-an á wá wò yín, torí wọn ò ní fẹ́ kí owó wọn kú.

Ìyá_Àgbà_Ṣàgámù · 9:15 alẹ́

Ọmọ Mọ́kọ́lá, rọra. Ẹnu rẹ mú.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, kú ìnira. Olúwa á fi òróró sí ẹsẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n màá bi ọ́ ní ohun kan, má bínú sí mi. Ṣé o sọ fún wọn? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi náà ti jẹ́ ìyá ìjọ fún ọdún gbọọrọ, mo mọ̀ pé àwọn obìnrin wa mìíràn a máa fi ìrora pa mọ́ láti fi dán ìjọ wò. Wọ́n á sùn sílé, wọ́n á máa ka ọjọ́: "Ẹ jẹ́ kí n wò ó bóyá wọ́n á wá." Ìdánwò tí ẹni tó ń jókòó rẹ̀ ò mọ̀ pé òun wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ta ni yóò yege rẹ̀?

Àṣàkẹ́_Alárán · 9:31 alẹ́

Ẹ ṣé Mọ́mì. Mo sọ. Ọjọ́ kejì gan-an ni mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ akọrin, mo fi àwòrán ẹsẹ̀ sí i. Mo lọ kà á lónìí torí ìbéèrè yín: Àmín mẹ́tàdínlógójì, ọwọ́ àdúrà mọ́kànlá. Ẹnì kan fi orin ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó bi mí pé ilé ìwòsàn wo, tàbí pé ta ni ń bá mi pọnmi.

Àwọn tó kọ Àmín yẹn kì í ṣe èèyàn búburú. Èmi náà ti kọ Àmín sábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn rí, tí mo sì yí fóònù dojú dé, tí mo lọ sùn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, ká sòótọ́.

Ìyá Wàsíù wá bi mí lọ́jọ́ kan, tìtorí àánú ló fi bi mí o, kì í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Túndé, ṣé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ò mọ ilé yìí ni?" Mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n. Mi ò rí nǹkan mìíràn sọ. Jésù ní gbogbo ènìyàn ni yóò fi ìfẹ́ àárín wa mọ̀ pé ọmọ ẹ̀yìn òun la jẹ́ (Jòhánù 13:35). Ìyá Wàsíù náà wà lára gbogbo ènìyàn.

Alábòójútó · 9:40 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ ìjọ tàbí pásítọ̀ kankan níbí. Mo ti yọ ìdáhùn méjì kúrò.

Akọ̀wé_Agbáwo · 10:22 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà nídìí ọ̀ràn sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ni mí nínú ìjọ kan, kì í ṣe tiyín, Mọ́mì. Àwa la máa ń kọ ìwé ìkórè yẹn. A ní orúkọ bí ẹgbẹ̀ta lórí ìwé, olùṣọ́àgùntàn kan, àti igbákejì tó tún ń ṣe tíṣà. Tí mo bá jókòó láti kọ ìwé ìkórè, mo ní orúkọ, mo ní ẹgbẹ́ tí onítọ̀hún wà, mo ní iye tó san lọ́dún tó kọjá, mo ní iye tí a bù fún un lọ́dún yìí. Ọdún kẹsàn-án mi nídìí iṣẹ́ yìí nìyí, alẹ́ òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí mi pé kò sí ibì kankan lórí bébà yẹn tí a ti ń kọ ọ́ pé "a rí i, ara rẹ̀ yá."

Mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin á rò pé ẹgbẹ́ obìnrin ti lọ. Ẹgbẹ́ obìnrin á rò pé àwọn alábàárò ti lọ. Àwọn alábàárò á ní akọrin ni, àwọn èèyàn rẹ̀ á ti bójú tó o. Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ méjì ló máa ń jìyà jù. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, àwa tá à ń ka orúkọ máa ń rántí rẹ̀, torí a máa ń wá ẹgbẹ́ tí a ó kì í sí.

Bíbélì_Lọ́wọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Gbogbo ohun tí mo ń kà níbí, ìmọ̀lára ni. Ìwé Mímọ́ ní bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ó má ṣe jẹun (2 Tẹsalóníkà 3:10). Ó tún ní olúkúlùkù ni yóò ru ẹrù ara rẹ̀ (Gálátíà 6:5). Ìjọ kì í ṣe ilé ìtọ́jú aláìsàn. Ní ìjọ wa, arákùnrin kan gba owó ìrànwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé ìyá òun ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyá náà ti kú kó tó wọ ìjọ wa. Láti ìgbà náà la ti ti àpótí ìrànwọ́ yẹn pa. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Opó_Ìtòkú · 6:48 àárọ̀

Arákùnrin Bíbélì_Lọ́wọ́, ẹ ka ẹsẹ kejì orí ìwé kan náà kí ẹ tó dé ẹsẹ karùn-ún: ẹ máa ru ẹrù ọmọnìkejì yín. Mọ́mì kò sì ní òun ò fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán. "Kò fẹ́" ló wà nínú Bíbélì mi, bóyá "kò lè" ló wà nínú tiyín.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ tèmi, apá kejì ló sì wà. Wọ́n wá wo èmi. Wọ́n wá jù. Ọdún tí ọkọ mi kú, ìjọ pe àwọn opó jáde lọ́jọ́ ìdúpẹ́, a tò síwájú pẹpẹ, wọ́n gbé ìrẹsì àti òróró lé wa lọ́wọ́, ẹni tó ń ya àwòrán ní ká rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, rí àwòrán náà lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé. Kò jẹ nínú ìrẹsì yẹn. Ó ní ebi ò pa òun. Ọjọ́ méjì ni kò fi pa á.

Èmi jẹ ẹ́ o. Irọ́ kọ́, ìrẹsì tó dáa ni.

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, nígbà tí wọ́n ń fojú fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì níbi ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́, ariwo sọ. Àwọn àpọ́sítélì ò ní kí wọ́n dákẹ́, wọn ò sì pe àwọn opó náà jáde ká rí wọn. Wọ́n yan ọkùnrin méje. Ẹ ka orúkọ wọn: Stéfánù, Fílípì, Prókórù, Níkánórì, Tímónì, Pámínà, Níkólà. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó dà bí ẹni pé wọ́n mọ èdè àwọn tí ìyà ń jẹ ni wọ́n gbé ìpín oúnjẹ lé lọ́wọ́. Níbi tiwa, ta ni wọ́n máa ń fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìrànwọ́? Olówó. Ẹni tí kò jẹ gbèsè rí ni yóò máa bi ẹ́ pé kí ló fà á tí o fi jẹ gbèsè.

Ìyá_Àgbà_Ṣàgámù · 7:10 àárọ̀

Opó, o pa mí lẹ́nu mọ́. A ti ṣe irú ìdúpẹ́ yẹn. Èmi gan-an ló di ìrẹsì sínú ọ̀rá.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 9:30 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, olórí kíláàsì ni bàbá mi (kíláàsì ni ẹgbẹ́ kékeré tí a pín ọmọ ìjọ sí), èmi náà sì ti jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó bá ìwé ìkórè yìí mu, nítorí gbogbo yín lẹ ti dá owó lẹ́bi.

Ọdún 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè wà lọ́rùn ilé ìsìn àwọn èèyàn John Wesley, ẹni tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀. Wọ́n pàdé lórí bí wọ́n ṣe máa san án. Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Captain Foy dìde, ó ní kí olúkúlùkù máa san kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀. (Ẹ̀yin ọmọdé, kọ́bọ̀ náà làwọn bàbá wa ń pe pẹ́nì.) Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ni kò ní kọ́bọ̀ kan. Foy ní, ó dáa, ẹ kó mọ́kànlá nínú àwọn tó tòṣì jù fún mi. N ó máa lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá rí san, kó san. Ẹni tí kò bá rí, n ó san tiẹ̀ mọ́ tèmi. Báyìí ni wọ́n ṣe pín ìjọ sí méjìlá méjìlá.

Nígbà tí àwọn agbowó bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn, ohun tí wọ́n bá nínú ilé yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n bá lọ. Wọ́n bá aláìsàn. Wọ́n bá tọkọtaya tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n padà wá sọ ọ́. Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá tipẹ́ nìyí. Láti inú owó ni kíláàsì ti jáde wá. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí, ní September 1842, Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ètò náà bá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ilẹ̀ wa.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí bàbá mi bá ti ń jáde lálẹ́ pẹ̀lú àtùpà àti ìwé kíláàsì, ìyá mi á di iṣu sínú àpò fún un. Owó ló ń lọ gbà, iṣu ló ń gbé lọ. Ìgbà mìíràn á padà wálé láìrí owó gbà, iṣu náà á sì ti tán.

Nítorí náà, Mọ́mì Alárán, mi ò bínú sí ìwé ìkórè yín. Ẹsẹ̀ méjì kan ló gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà yín. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹsẹ̀ náà yí padà lẹ́nu ọ̀nà, kò kanlẹ̀kùn.

Akọ̀wé_Agbáwo · 9:47 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣé. Mo ti kọ orúkọ Captain Foy sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi.

Dàpọ̀_Peckham · 1:15 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ níbẹ̀ yẹn. London ni mo wà. Lójú ọ̀nà Old Kent Road yìí, ṣọ́ọ̀ṣì àwa èèyàn wa pọ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì lọ, inú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ wà. Ìfẹ́ níbí, iṣẹ́ òru ló ń pa á. Ẹ ò lè bẹ ẹni tó ń tọ́jú arúgbó láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di mẹ́jọ àárọ̀ wò. Tó bá délé, oorun ni.

Ṣùgbọ́n èmi ò lè gbàgbé ọdún tí ìwé ìgbélùú mi há sọ́wọ́ ìjọba, tí mi ò lè ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́rin. Ìyá kan nínú ìjọ, tí mi ò bá sọ ju ẹ kú àárọ̀ rí, wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní òun máa ń se ọbẹ̀ pọ̀ jù, ọmọ òun ti kúrò nílé, pé kí n bá òun gba díẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú fún oṣù mẹ́rin ni ọbẹ̀ yẹn ń "pọ̀ jù". Ìgbà tí mo rí iṣẹ́ ni kò pọ̀ jù mọ́. Kò dárúkọ ìwé mi fún mi lẹ́ẹ̀kan. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un títí dòní.

Opó_Ìtòkú · 1:33 ọ̀sán

Ọlọ́run má jẹ́ kí ọbẹ̀ ìyá yẹn gbẹ.

Bíbélì_Lọ́wọ́ · 5:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo gbà pé mo yára sọ ti Mọ́mì, ẹ foríjì mí, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí àwọn onírọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí inú ń run?

Akọ̀wé_Agbáwo · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Tí ẹ bá dé ilé rẹ̀, ẹ máa mọ̀. Orí tábìlì, níbi tí wọ́n ti ń ka lẹ́tà tí èèyàn kọ, ni irọ́ ti ń rọrùn. Nígbà kan tí a gbìyànjú ẹ̀, a ní kí èèyàn méjì lọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Tó bá jẹ́ owó oògùn, ilé oògùn la máa ń san án fún. Tó bá jẹ́ owó iléèwé, iléèwé. Ẹni tó ń pa irọ́ kì í fẹ́ ká wá sílé. Mélòó kan ṣì jẹ owó wa, n kò purọ́. Nígbà tí ọ̀gá àwọn tó ń bẹni wò kó lọ sí Àbújá ni ètò náà kú.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ àpótí tí ẹ tì pa yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Ní Kátéjì, ní Àríwá Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 197, Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, ṣàlàyé fún àwọn aláṣẹ Róòmù bí àpótí ìjọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kálukú á mú ìba ohun tó wù ú wá, bó bá ní. Kò sí dandan. Ibi tí owó ń lọ ni oúnjẹ àti ìsìnkú àwọn tálákà, àwọn ọmọ òrukàn, àwọn tí ọkọ̀ ojú omi wọn rì, àti àwọn arúgbó tí kò lè jáde nílé mọ́. Mo rò pé àwọn onírọ́ wà ní Kátéjì náà.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá · 6:41 ìrọ̀lẹ́

Mọ́mì, ìmọ̀ràn mi ò yí padà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wà ní agbègbè Sángo, mo lè bá yín pọn omi ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀nà mi ni.

Àṣàkẹ́_Alárán · Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Ẹ kú àtijọ́. Ọmọ Mọ́kọ́lá wá o, ó pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, ó sì bá Ìyá Wàsíù jiyàn bọ́ọ̀lù.

Mo ti padà sí ìjọ. Ọ̀pá méjì ni mo fi wọlé. Wọ́n pariwo, wọ́n dì mọ́ mi, olùṣọ́àgùntàn ní kí n wá jẹ́rìí. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mi ò tíì ṣetán. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin sọkún sí mi léjìká, ó ní òun ka ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn nínú ọkọ̀, òun ní òun á pè mí tí òun bá sọ̀ kalẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Nínú mi, ibì kan ṣì gbóná díẹ̀, n ò ní purọ́ fún yín.

Mo bi akọ̀wé ẹgbẹ́ pé ta ni kò tíì wá láti bí oṣù kan. Ó ní òun ò mọ̀, àfi tí òun bá wo ìwé. A jọ wò ó. Orúkọ mẹ́ta. Mo ní kó fún mi ní àwọn ìwé ìkórè wọn, èmi ni máa gbé e lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kejì wà nílé, ọmọ rẹ̀ ní àrùn sẹ̀ẹ́lì (sickle cell), wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé. Mi ò mú ìwé náà jáde nínú báàgì. Mo gé ilá.

Mi ò mọ ilé ẹnì kẹta. Wọ́n ní ẹ̀yìn ilé epo kan l'Ọ̀jọ́ọ̀ ni. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó ti ìwé ìkórè sábẹ́ ilẹ̀kùn mi ló mọ ibẹ̀, òun ni wọ́n máa ń rán. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà, wọn ò sọ pé kí n kàn án." Ọjọ́ Sátidé la jọ ń lọ.